Ohùn Ìyá Àgbà Tí N Kò Ṣe Àdàkọ Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ẹ̀tọ́ mi ni gèèmù bọ́ọ̀lù kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkúrẹ́ nígbà náà, mo sì lágídí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ rà á bí ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń tà á kọ káàdì báńkì mi. Ìbátan wa kan lókè òkun bá mi rà á. Ilé ìtajà náà tún ní kò gbọdọ̀ ṣí ní orílẹ̀-èdè mi. Títí dòní, mi ò tíì dárí jì wọ́n. Mo fi ìbínú gba Ọjà Ọba lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń da gèèmù tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ sórí fláàṣì fún àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ó kìlọ̀ pé áńtífáírọ́ọ̀sì, aṣọ́nà inú kọ̀ǹpútà, máa pariwo.

“Bó bá ní olè wọlé, pa á lẹ́nu mọ́ ná,” ló wí. Mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ pè mí sí Oǹdó. Inú kọ̀ǹpútà wọn ni ohùn ìyá àgbà mi tó ti kú wà: ìtàn ìdílé wa àti orin tí ìyá àgbà kọ lóko ní Bọ́lọ́rundúró. Kò sí níbòmíràn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, kí n wá bá àwọn ṣe àdàkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Kọ̀ǹpútà náà lágbára ju tèmi lọ. Nígbà tí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ki fláàṣì gèèmù mi bọ̀ ọ́, mo ní kí n gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ ná. Áńtífáírọ́ọ̀sì pariwo lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa aṣọ́nà náà. Mo tilẹ̀ gbá góòlù mẹ́ta wọlé. Ìgbà tí mo padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, orúkọ gbogbo fáìlì ti yí padà, ọ̀kankan ò ṣí mọ́. Ìkìlọ̀ kan wà lójú ẹ̀rọ pé àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ti gbogbo fáìlì náà pa. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Èmi ni mo fi gèèmù yẹn ṣílẹ̀kùn fún olè tèmi. Gbogbo ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ ló gbìyànjú, pàbó ló já sí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò bú mi. Wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, “Ṣé ìwọ ṣì rántí bí ohùn ìyá wa ṣe rí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irọ́ ni mo pa.

“Ó dáa. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ rántí mọ́.”

Àwọn náà ti dolóògbé báyìí. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ mi bi mí bí ìyá àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ojú tì mí láti ní mi ò mọ̀, mo bá hùmọ̀ ohùn kan. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí, òun ni wọ́n sì ń pè ní ohùn ìyá àgbà.