Ọkọ̀ Ìjàpá Tó Wà Ní Ìlọrin

Ọjọ́ Sátidé tí bàbá mi fẹ́ ra ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ kan, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí igbá ìjàpá, kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Malu Road. Látìgbà tí màmá mi ti kú, àwa méjì péré la wà nínú yàrá wa l'Ájégúnlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n fi fọ́tò ọkọ̀ náà hàn mí lórí fóònù. Ìlọrin ló wà, ó ti dípẹtà, kò sì ní ẹ́ńjìnnì.

"Àwa méjèèjì la ó jọ tún un ṣe," ni wọ́n wí. "Ó lè gbà wá lọ́dún méjì. Ṣé ká rà á?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.

"Dádì, ẹ má bínú. Yunifásítì kan ní Jọ́ọ̀sì ti gbà mí. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa lọ."

Wọ́n gbàdúrà fún mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ẹni tó ni ọkọ̀: "Ẹ tà á fẹ́lòmíràn. Ọmọ tí à bá jọ tún un ṣe ń lọ síléèwé." Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìjẹun.

Jọ́ọ̀sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní àlàáfíà làwọn wà, wọ́n á sì dákẹ́. Èmi náà á dákẹ́, ṣùgbọ́n a kì í tètè pa fóònù.