Orin Inú Fíìmù Nílé Ìgbẹ̀bí

Òórùn àbẹ́là àti lọ́fínńdà ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí ìjọ Aládùúrà wa, lẹ́yìn Mọníyà. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá tan àbẹ́là nítòsí mi, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. Ọ̀sán gangan ni ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òógùn bo gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà nínú yàrá, ó ti ń rọbí láti ìdájí. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni.

Ìyá agbẹ̀bí wa ní ọ̀nà tiwọn. Àwa obìnrin á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa dá orin, ẹni tó ń rọbí á sì máa gbè é láti inú yàrá. Ohùn yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbè, gbè, nígbà tó yá ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ló bá dákẹ́. A dá orin kan, kò gbè é. A dá òmíràn, kẹ́kẹ́ pa. Ìyá agbẹ̀bí yọjú, ojú wọn ti yàtọ̀. "Ẹ pe ọkọ rẹ̀ kó gbé mọ́tò wá, ọsibítù ló kàn. Ẹ má jẹ́ kó sùn o, ẹ máa kọrin!" Háà! Ẹ̀rù bà mí débi pé gbogbo orin ìjọ tí mo mọ̀ láti kékeré pòórá lórí mi. Orin inú fíìmù ló já bọ́ lẹ́nu mi.

Fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan ni, tí bàbá wa gbà wá láyè láti máa wò torí pé kò sí ìbọn, kò sí ìhòòhò nínú rẹ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ rẹpẹtẹ ń gbé inú ilé tó ń jò. Bí òjò bá ti dé, wọ́n á gbé garawa, wọ́n á bú sórin, ìyá nínú kíṣìnnì, àwọn ọmọ lókè àjà. Kí ló kàn wá kan Gẹ̀ẹ́sì wọn? "Là-là-là" ni tiwa. Èmi ni mo máa ń dá a, ẹ̀gbọ́n mi á gba ohùn ìsàlẹ̀. A wò ó títí dísìkì fi họ. Ó dùn mọ́ mi, síbẹ̀ mo máa ń bú wọn: "Ta ní ń kọrin nígbà tí òrùlé ń jò? Ẹ lọ pe kápẹ́ńtà!" Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n panu mọ́.

Mo dá a lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo dé ibi tó yẹ kó ti dáhùn, mo dánu dúró. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un dá. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ, ohùn ìsàlẹ̀, ó tín-ín-rín, ó há, àmọ́ òun ni. Mo bú sẹ́kún, mo sì ń kọ ọ́ lọ.

Àwọn ìyá tó yí mi ká ò mọ fíìmù kankan. Lójú tiwọn, Ẹ̀mí ló sọ orin tuntun kalẹ̀. "Halelúyà!" Ọ̀kan gbá agogo mú, àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́, kíá ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n gbè ju àwa tá a ni ín lọ. Mọ́tò ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí ọmọ ké.

Ìyá ìjọ, tó dàgbà jù nínú wọn, dì mọ́ mi. "Ọmọ mi, níbo lo ti gba orin ẹ̀mí yẹn?"

"Ẹ má bínú, mà, inú fíìmù ni."

Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe fíìmù ọ̀hún ńkọ́, ta ló fún un?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé oorun yẹn ti ń dùn mọ́ òun, pé òun ti ń lọ, àfi ìgbà tí òun gbọ́ tí mo dánu dúró. Ó ní òun rò ó pé bí òun ò bá dáhùn, èmi nìkan ni màá máa dúró síbẹ̀ yẹn títí ayé. Látọjọ́ náà, mi ò bú àwọn ará inú fíìmù yẹn mọ́. Mo ti rò pé ayọ̀ ló ń kọrin lẹ́nu wọn. Ẹ̀rù ni, ọ̀rẹ́ mi. Ẹnì kan wà lókè àjà, ẹnì kan wà nísàlẹ̀, kálukú fẹ́ gbọ́ bóyá èkejì ṣì wà níbẹ̀.