Wọ́n Ní Kí Òpó Góòlù Fẹ̀ Sí I

Ara mi kì í balẹ̀. Bí mo ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Ìyá mi a máa sọ pé àga tí mo bá jókòó lé kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Ìlọrin, tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ wá di olú ìlú ohunkóhun, àìbalẹ̀ ara mi nídìí. Àbúrò mi ọkùnrin ni gólíkípà ẹgbẹ́ Kpata, àdúgbò wa. Kóòṣì kan láti Ìlọrin, láti inú lígì tuntun tí wọ́n ti ń sanwó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé tí àwa àti Kabawa fẹ́ gbá àṣekágbá. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò mú un lọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá wa ń dúró dè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí àbúrò mi kórìíra tó ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Kò ga. Gbogbo Kpata ló mọ̀ pé kò ga. Ṣùgbọ́n ó máa ń fò, ó sì mọ òpó méjèèjì yẹn bí afọ́jú ṣe ń mọ ilé rẹ̀. Kò ní í bojú wẹ̀yìn tí yóò fi mọ ibi tí wọ́n wà.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti máa ń pàdé nírọ̀lẹ́, nítorí bàbá mi ni alága ìdíje náà, òun náà ló sì ń ra ìwé ìròyìn. Ọjọ́ méjì ni ìwé ìròyìn fi ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi ka kéú yanjú, ṣùgbọ́n kò gbọ́ òyìnbó. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni mo ń kà á fún wọn, tí mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń kàwé fún wọn lórí ìdúró kí wọ́n tó fún mi ní àga. Awakọ̀ ojú omi kan wà láàárín wọn, Núpé ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń sọ pé obìnrin tó bá mọ bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn ló ń bá a rò ó.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ àṣekágbá yẹn, mo ti ilé ìwé dé, ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ebi ń pa mí, wọn ò sì tíì jẹ́ kí n bọ́ bàtà. Ìròyìn náà sọ pé àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù lókè òkun ń kùn pé góòlù ti wọ́n jù. Mo sáré ka ìyókù, mo sì tú u fún wọn.

"Wọ́n ní kí òpó góòlù fẹ̀ sí i, ìwọ̀n bọ́ọ̀lù méjì," ni mo wí. "Wọ́n ní kí gólíkípà má fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹni tiẹ̀ bá gbá padà sí i mọ́. Bọ́ọ̀lù tó bá jáde, wọ́n ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ gbá a wọlé, kí wọ́n yéé jù ú."

Ariwo ta. Awakọ̀ ojú omi dìde.

"Haba! Ẹni tí ò bá mọ ẹja pa, ṣé odò la ó máa gbẹ́ fẹ̀ fún un?"

Àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ kan tó máa ń gbé iṣu wá sí Kpata, tó ti kí wa ní "Okun o" tó sì ti yẹ kó máa lọ sílé, gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ padà. "Kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ jàre! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ebè sílẹ̀ lóko wá wo bọ́ọ̀lù. Òdo sí òdo! Ṣé òdo ni mo wá wò?"

"Iṣu rẹ ni kó o lọ fẹ̀," ni awakọ̀ ojú omi wí.

"Ó fẹ̀! Lọ bi ìyàwó rẹ bí kò bá fẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́, ó bi mí pé, "Ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀?"

"Wọn ò sọ, Bàbá." Òótọ́ ni mo sọ, wọn ò sọ ọ́. Mo bá wọlé lọ jẹun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá nítòsí gbàgede Paparanda, mo sì rí káfíńtà tó ń hú òpó. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó ń gbẹ́ ihò tuntun. Mo ní kí ló dé. Ó ní Alhaji, bàbá mi, ló sọ pé òfin tuntun ti dé, tíṣà ló kà á.

Mo sáré délé, mo wá ìwé ìròyìn náà kàn lábẹ́ àwọn aṣọ. Àbá ni. Àbá lásán ni wọ́n dá, wọn ò tíì jókòó lé e lórí. Èmi ni mo sọ pé "wọ́n ní kí." Nílé tiwa, bí bàbá mi bá ní kí n pọnmi, ṣé àbá ló dá? Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí gírámà!

Ó yẹ kí n lọ bá bàbá mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí awakọ̀ ojú omi, mo rí àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì padà. Mo sọ fún ara mi pé òpó kan náà ni gólíkípà méjèèjì máa ṣọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, nítorí mo mọ̀ nígbà náà pé gólíkípà Kabawa gùn bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ká ìbẹ́pẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, n kò lè jókòó. Góòlù mẹ́ta ló wọlé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wọn ló sì gba ibi tí òpó wà lọ́jọ́rú kọjá. Àbúrò mi fò débi tó ti máa ń fò dé, ó nawọ́ sí ibi tó ti máa ń nawọ́ sí, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ ìka rẹ̀ wọlé. Góòlù kan ṣoṣo la rí jẹ padà. Kóòṣì Ìlọrin wo òpó wa, ó mi orí. Bóyá ó rò pé bí òpó ìgbèríko ṣe ń rí nìyẹn. Ó ní, "Alhaji, ọmọ yín mọṣẹ́. Àfi pé ó kúrú." Ó wọ takisí rẹ̀, ó lọ. Mo sunkún lẹ́yìn ilé.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn tún dé. Àwọn ará òkè òkun ti ní àwọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ òpó náà mọ́. Mo kà á bó ṣe wà, nítorí ó ti sú mi láti máa parọ́.

"Wọ́n kọ̀ ọ́?" ni awakọ̀ ojú omi wí. "Ṣé wọn ò ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ni?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ohùn àbúrò mi ló jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń wọn aṣọ.

"Wọ́n ṣe é, wọ́n tún yí i padà ni. Ṣé ẹ ò mọ òyìnbó ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú òyìnbó. Mo bá a wọlé.

"O mọ̀?"

"Lọ́jọ́rú yẹn ni mo ti kà á, Àǹtí mi. Nígbà tí ẹ wọlé lọ jẹun."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

Kò gbójú sókè. "Mo ń retí kí ẹ̀yin fúnra yín sọ ọ́."

Ó tẹ́ aṣọ náà, ó ní kí n bá òun di etí kejì mú. Mo dì í mú.