Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Inú Kòtò Tàjùdíìnì

Ní ọsibítù Ìgàǹdó lọ́dún 1991, ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá èèyàn òun yóò yè é kì í lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nọ́ọ̀sì Àyìnkẹ́ ni wọ́n ń wá lọ. Obìnrin Iléṣà tó yáalé sí Ìdímù yìí yóò fi ìka ṣí ojú aláìsàn, yóò já a léèékánná láyà, yóò mi orí, ọ̀rọ̀ á sì rí bẹ́ẹ̀. Ó mọṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn ti ń pa á bí ọtí, kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n gbé Tàjùdíìnì bíríkìlà dé láti Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ẹnu iṣẹ́ ló wà tí orí fi fọ́ ọ lójijì, bí ẹni tí wọ́n la igi mọ́. Ó bì, ọrùn rẹ̀ le gan-an. Dókítà Olúsànyà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ. Ó ní irú wọn a máa kú, irú wọn a sì máa dìde, kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ nǹkan kan.

Nígbà tí Àyìnkẹ́ dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń ṣàlàyé fún un pé gìrì mú ọkùnrin náà, àwọn sì ti gún un lábẹ́rẹ́ oorun. Àyìnkẹ́ ń dáhùn pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí tó ti dìde dúró dè é lojú rẹ̀ wà. Ó já Tàjùdíìnì léèékánná, kò mira. Ó jáde bá Nàfíù, ẹ̀gbọ́n Tàjùdíìnì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ múra ilé sílẹ̀.”

Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé, Fàúsátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Sìdíkátù, sì ti sunkún títí ohùn fi há a. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oorun abẹ́rẹ́ náà dá lójú Tàjùdíìnì, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu.

Gbogbo ilé yọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni. Kò sẹ́ni tó bú Àyìnkẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún, torí ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ oorun lòun pè ní ikú. Ìtìjú bò ó. Tó bá rí Fàúsátù lọ́jà, á sá wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àgbà ilé ní a kì í dí kòtò òkú lófìfo. Wọ́n hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n sin ín síbẹ̀ dípò Tàjùdíìnì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní òun ò kú, ó hù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Tàjùdíìnì fúnra rẹ̀ wọ́ ẹsẹ̀ òsì wọ ọsibítù, ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá kan léjìká.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà á, ẹ lọ fi dín dòdò. Ibi tẹ́ ẹ ní kí n sùn sí ló ti so.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, kò ní ìkùnsínú kankan. Àyìnkẹ́ ò lè gbójú sókè.

“Ẹ má bínú, Bàbá Sìdíkátù. Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti gún yín lábẹ́rẹ́ oorun. Mi ò dúró gbọ́ ọ.”

Ẹ̀rín kú lójú Tàjùdíìnì.

“Ìyá mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́ka ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kòtò mi sí.”

Ó sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Àyìnkẹ́ ò lè fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ibẹ̀ ló pọ́n sí, ibẹ̀ náà ló rà sí. Àwọn ẹbí aláìsàn ṣì ń wá bi í bóyá èèyàn àwọn yóò yè é. Ó ń dá wọn lóhùn pé òun ò mọ̀.