Ẹni Tó Dúró Sẹ́yìn Lucky

Ọlábọ̀dé kì í purọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ní Àpápá, níbi tó ti ń yẹ ẹrù wò bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òkun. Wọ́n sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń ṣe díkónì ní Amukoko. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ fún Harriet ìyàwó rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Lucky ọ̀rẹ́ rẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ á ta á bí egbò tí ata kàn.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ogún ọdún, ilé irin Kóòṣì Ejiroghene ní Ajégúnlẹ̀ ni òun àti Lucky ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé irin. Bí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ irin, ẹlòmíì á dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí irin má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ọlábọ̀dé fi dúró sẹ́yìn Lucky. Ó mọ ìpàkọ́ ọkùnrin náà ju bí ìyá tó bí i ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ mú ẹyọ ẹnì kan tí yóò ṣojú Ìpínlẹ̀ Èkó níbi ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè, Ọlábọ̀dé gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìdíje. Lucky ní tirẹ̀ jẹun, ó sùn, kò tilẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Kílò méjì péré ló fi borí Ọlábọ̀dé. Inú bí Kóòṣì, ó ní ká ní Ọlábọ̀dé jẹun ni, ẹ̀bà lásán ìbá gbé kílò méjì yẹn. Lucky ló wọ bàálù, Lucky ló gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù bọ̀, òun ni gbogbo àdúgbò gbé léjìká. Ọlábọ̀dé pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Kò gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bà ni. Ó ti rí nǹkan. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n díje, ó ń wá ọṣẹ nínú báàgì Lucky, ló bá rí abẹ́rẹ́ kan àti ìgò oògùn kékeré tí wọ́n ti ya bébà ara rẹ̀ kúrò. Ó da aṣọ bò ó padà. Kò bi Lucky. Láti ọgbọ̀n ọdún yìí wá, ìgò yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Bó bá jẹ́ pé Lucky gún abẹ́rẹ́ agbára, a jẹ́ pé Ọlọ́run ò kọ òun. Wọ́n ja òun lólè ni. Bí kò bá gún un ńkọ́? A jẹ́ pé Ọlọ́run wo ẹni tó gbààwẹ̀, ó wo ẹni tó ń sùn, ó sì mú ẹni tó ń sùn. Èyí ni kò lè gbé lọ síwájú pẹpẹ.

Ní Sátidé kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn agbérin àtijọ́ péjọ láti kọ orúkọ Lucky gàdàgbà síwájú ilé irin náà. Àṣà Kóòṣì ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ á jókòó síta, á kọjú sí títì. Ẹni tó máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ á wá jẹ́rìí nípa rẹ̀ nínú ilé. Bí ẹni náà bá ní òun ò fọwọ́ sí i, ọ̀dà ò ní kan ògiri.

Marine Beach ni Lucky ti wá, níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó ń tiro.

“Díkónì, ṣé o ti gbàdúrà fún mi?”

“Mò ń gbà á.”

“Má fi ààwẹ̀ kún un o. Tòní ò wúwo tó yẹn.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọlábọ̀dé náà ṣí eyín.

Nígbà tí Lucky ti jókòó síta, Kóòṣì, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, yíjú sí Ọlábọ̀dé. “Kí lo rí?”

Ọlábọ̀dé sọ ti abẹ́rẹ́, ó sọ ti ìgò.

Destiny, àbúrò gbogbo wọn nínú irin gbígbé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló yẹ ìtọ̀ ẹnikẹ́ni wò fún oògùn láyé ìgbà yẹn? Ẹ ò lè torí ohun tẹ́ ẹ fura sí gba ògo lọ́wọ́ èèyàn.”

Ràdíátù, tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà láàárín àwọn obìnrin, ní, “Ara ògiri yẹn làwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbí ń wò. Bí abẹ́rẹ́ bá lè gbé èèyàn débẹ̀, ta ló máa jẹ ẹ̀wà mọ́?”

Kóòṣì gbọ́wọ́ sókè sí wọn. “Ọlábọ̀dé, ṣé o bi í?”

“Rárá, sà.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọ pé òun ò lò ó. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó lò ó, sà. Mo ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀ di bí mo ṣe dúró yìí.”

“Lọ bi í.”

Ó jáde, ó béèrè. Lucky ò gbójú kúrò lójú títì.

“Mo rà á,” Lucky ní. “Mi ò gún un. Gbogbo bí mo ṣe tóbi tó nígbà yẹn, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí. Mo jù ú sí ọ̀sà.” Ó mí kanlẹ̀. “Ọgbọ̀n ọdún, Bọ̀dé. Báwo lo ṣe ń bá mi jẹun?”

Ọlábọ̀dé wọlé, ó sọ ohun tó gbọ́. Kóòṣì bi í bóyá ó gbà á gbọ́. Kó ṣáà ti ní rárá, ìgò náà á ṣì máa tù ú nínú. Ṣùgbọ́n ó mọ ohùn Lucky bó bá ń purọ́, èyí kọ́.

“Mo gbà á gbọ́, sà.” Ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n fa eyín rẹ̀.

Ràdíátù ṣí ọ̀dà. Destiny ní kí Ọlábọ̀dé jọ̀ọ́ bá àwọn di àkàbà mú.

“Ẹ wá ẹlòmíì,” Ọlábọ̀dé ní. “Inú mi ò tíì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.”