Wẹ́bùsáìtì tí mò ń pè ní tèmi

Lónìí ni mo mọ̀ pé ayálégbé ni mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Aṣọ ìyàwó ni mò ń rán n'Íkìrun. Mo pe ọkùnrin tó ṣe wẹ́bùsáìtì mi pé kó gbé e fún àbúrò mi, kó máa bá mi bójú tó o.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ háyà ẹ̀ lọ́wọ́ wa ni. Tẹ́ ẹ bá kúrò, a máa tì í."

"Ṣebí orúkọ mi ló wà lára ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ lorúkọ, àwa la ni wẹ́bùsáìtì. A sọ fún yín níjọ́sí, ẹ ní kò sí wàhálà."

Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi yìí náà ni mo lọ gba àwọn télọ̀ Òkukù níyànjú lánàá pé kí wọ́n ní tiwọn bíi tèmi.

Ọkọ mi ṣì ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ni tiyín?