Ẹni Tó Pe Màmá Mi Ní Àbẹ̀kẹ́

Bí òórùn ẹ̀wà tó ń jóná nídìí ìkòkò bá ti ta sí mi nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ìkìrun ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ń bu ẹ̀wà fún àwọn tí kò rílé gbé. Màmá mi ló ṣáájú àwọn ará àdúgbò lọ síbẹ̀.

“Pásítọ̀, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti wá? Gbọ́mọgbọ́mọ lẹ ń kó bá wa yìí.”

“Ẹ ṣe sùúrù, mà. Ebi ló ń pa wọ́n.”

Mo di ìró màmá mi mú, mo ń fojú wá àpò tí wọ́n ń kó ọmọ sí. Arúgbó obìnrin kan gbójú sókè kúrò nínú abọ́ rẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́,” ó rọra pè.

Bàbá mi nìkan ni mo gbọ́ rí tó ń fi oríkì yẹn pe màmá mi, nínú yàrá. Ẹ̀rù bà mí. Màmá mi di ọwọ́ mi mú pinpin, wọ́n yíjú sí àwọn aládùúgbò.

“Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti ń wádìí wa.”

Arúgbó náà wo màmá mi títí, ó wá tẹrí ba.

“Ẹ má bínú, mà. Mo fi yín pe ẹlòmíì ni.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé arúgbó obìnrin yẹn ló bí màmá mi.